Yíya ilé ní ìlànà Fry àti Drew: àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ àti ìdáhùn wọn

Àwọn tó ń kọ́ àwòrán ilé lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn kì í yéé bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn yí ká ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Ta ni Fry àti Drew, kí sì ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn?

Maxwell Fry (1899–1987) àti Jane Drew (1911–1996) ni tọkọtaya ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ya púpọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ fún University College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, tí gbogbo wa mọ̀ sí Yunifásítì Ìbàdàn lónìí. Ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n tó kó lọ sí ibi tó wà báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Trenchard Hall, Mellanby Hall àti ilé ìkàwé ńlá tí a ń pè ní Kenneth Dike Library wà lára iṣẹ́ wọn.

Fry ti bá Walter Gropius, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé ará Jámánì, ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì bá Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé mìíràn, ṣiṣẹ́ ní ìlú Chandigarh ní Íńdíà láti 1951. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí yóò rí àmì ọwọ́ wọn lára ilé UI. Ṣùgbọ́n oòrùn, òjò àti ooru ilẹ̀ wa ló kọ́ tọkọtaya yìí ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Ṣé Cocoa House àti gbọ̀ngàn Mápó náà wà lára iṣẹ́ wọn?

Rárá o. Ọdún 1929 ni wọ́n ti ṣí Mápó, àwọn òpó ribiti rẹ̀ sì jẹ́ àṣà ìkọ́lé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ayé àtijọ́. Cocoa House, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, parí ní 1965, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló sì ti jáde. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má ya àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ìlànà tí a ń sọ yìí.

Mi ò mọ àwòrán yà. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Yíya ilé kò dà bí yíya ojú ènìyàn, èyí tí ìlà kékeré kan bá ṣì yà tí ìyá onítọ̀hún kò ní dá a mọ̀ mọ́. Rúlà ni yóò bá yín fa ìlà tààrà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín ni sùúrù, ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tí yóò gbé yín dé iwájú ilé tí ẹ fẹ́ yà. Àwọn tó mọ àwòrán yà gan-an tilẹ̀ máa ń yọ wá lẹ́nu ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ, nítorí ẹwà ni wọ́n ń lé kí wọ́n tó mọ ìdí tí ilé fi rí bó ṣe rí.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Pẹ́ńsù mẹ́ta: 2H fún ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ó pa rẹ́ nígbẹ̀yìn, HB fún ìlà tí yóò dúró, 2B fún òjìji. T-square (rúlà gígùn tó rí bíi lẹ́tà T), set-square (rúlà onígun mẹ́ta) oní-dígírì 45, rúlà tí wọ́n kọ òṣùwọ̀n oríṣiríṣi sí lára, bébà A2 àti bébà ìtọpasẹ̀ tí ojú ń rí gba inú rẹ̀. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun èlò ìwé ní Dùgbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ra kọ́ńpáàsì olówó ńlá. Ilé onígun mẹ́rin ni a ń yà.

Kí gan-an ni èrò wọn tí a fẹ́ tẹ̀ lé?

Èrò náà ni pé kí inú ilé máa tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí wọ́n ń ya àwọn ilé wọ̀nyí, atẹ́gùn ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ohun gbogbo tí ojú ń rí lára wọn, láti etí òrùlé tó yọ síta dé ògiri oníhò, jẹ́ ìdáhùn sí ọ̀kan nínú ọ̀tá mẹ́ta: oòrùn, ooru tó há sínú yàrá, àti òjò tí ìjì ń gbé wọlé.

Nítorí oòrùn, wọ́n máa ń fẹ́ kí ilé gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkurú sì kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ti máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Nítorí ooru, wọn kì í to yàrá sí ọ̀tún àti òsì kí wọ́n wá la ọ̀nà sáàárín wọn bíi ti ilé face-me-I-face-you. Yàrá kan ṣoṣo ni ìnípọn ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wà níta, kí atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé kan wọlé lè gba èyí tó dojú kọ ọ́ jáde. Nítorí òjò, wọ́n na etí òrùlé síta, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri oníhò ṣe ààbò fún fèrèsé, kí ó lè wà ní ṣíṣí bí òjò bá tilẹ̀ ń rọ̀.

Ògiri oníhò, èyí tí àwọn bíríkìlà wa ń fi fáńsì búlọ́ọ̀kù mọ, ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré yà. Ẹ lọ dúró níwájú Kenneth Dike Library ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú. Láti òkèèrè, ó dà bí aṣọ alárà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ihò kọ̀ọ̀kan ní ìnípọn, pé eruku ọyẹ́ ti jókòó sí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé aláǹtakùn ti ta okùn sí igun, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n oòrùn kò sí. Ẹni tó bá yà á bí aṣọ tí wọ́n fi bo ilé kò tíì ya ohun tí wọ́n kọ́.

Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: iwájú ilé ni, tàbí pláànù?

Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán gígé, ìyẹn àwòrán tó ń fi ilé hàn bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ bí a ti ń gé búrẹ́dì. Níbẹ̀ ni etí òrùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri oníhò, fèrèsé àti gíga yàrá ti ń pàdé ara wọn, tí ẹ ó sì rí i bóyá ilé náà á ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́. Pláànù ló tẹ̀ lé e. Iwájú ilé ló kẹ́yìn, nítorí pé ohun méjì yẹn ló bí i.

A mọ̀ pé àṣà àwọn olùkọ́ kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya iwájú ilé. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà Fry àti Drew, ẹni tó bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀ yóò padà wá wá ibi tí yóò ki yàrá bọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ àríwá lórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ ya ilé sí?

Máàpù orí fóònù yóò sọ fún yín. Bí kò bá sí fóònù, ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti yọ láàárọ̀, àríwá wà ní ọwọ́ òsì yín. Ẹ fa ọfà àríwá sí igun bébà kí ẹ tó fa ìlà kankan, kí ẹ sì fa ọfà méjì mìíràn: ọ̀kan láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ àsìkò òjò ti ń fẹ́ wá, ọ̀kan láti àríwá-ìlà-oòrùn, níbi tí ọyẹ́ ti ń wá.

Òṣùwọ̀n wo ni kí n lò?

Fún àwòrán gígé àti iwájú ilé kékeré, 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50 lára ilé. Fún pláànù, 1:100. Fún búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, 1:10 tàbí 1:5. Ilé tí a ń sọ yìí máa ń gùn, nítorí náà ẹ ṣírò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ilé tó gùn ní mítà 60 yóò gba sẹ̀ǹtímítà 60 ní 1:100, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 59.4 péré ni gígùn bébà A2. Ẹ lọ sí 1:200, yóò di sẹ̀ǹtímítà 30, àyè á sì ṣẹ́kù fún igi àti ọ̀nà.

Ẹ fa rúlà kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹ kọ mítà 0, 5, 10 sí i lára. Èmi tí mo ń kọ èyí ti gbé àwòrán ọjọ́ mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìṣẹ̀dà kan rí, tí ẹ̀rọ wọn fún un pọ̀ kí ó lè wọ bébà, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Fèrèsé tí mo yà ní mítà 1.2 di nǹkan bí mítà 1.1 lójú ẹni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo sì jókòó níwájú onílé tí mo ń bá a jiyàn lórí nǹkan tí kò sí. Bí rúlà kékeré bá wà lórí àwòrán, wọ́n á jọ fún pọ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe ń ya ògiri oníhò láì ya wèrè?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ògiri tó gùn ní mítà 12, tó ga ní mítà 3, kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti ní òró: ogójì lọ́nà mẹ́wàá, irinwó búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ kọ́kọ́ ya búlọ́ọ̀kù kan ní 1:10, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ mọ ìrísí ihò rẹ̀ dájú. Lẹ́yìn náà, ní 1:50, níbi tí búlọ́ọ̀kù kan ti di mìlímítà 6, ẹ fi 2H fa gbogbo ìlà ìbú láti òpin kan dé èkejì, ẹ wá fa gbogbo ìlà òró. Ìgbà yìí ni ẹ ó tó fi HB fa ìlà ihò, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn ọ̀wọ́ kan.

Kì í ṣe dandan kí ẹ parí gbogbo rẹ̀. Ẹ yà á dáadáa ní igun kan, kí ẹ máa dín in kù bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ìlà búlọ́ọ̀kù nìkan. Ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò parí ìyókù. Ní 1:200, búlọ́ọ̀kù kò ju mìlímítà 1.5 lọ, ẹ má ya ihò rárá, ẹ kàn fi pẹ́ńsù pa á ní àwọ̀ eérú díẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí a ń rí lójoojúmọ́. Ènìyàn á ya ihò, á wá fi òjìji sí òkè àti òsì rẹ̀ nìkan, bí ẹni pé kòtò ni. Ihò tó là já kì í ṣe kòtò. Bí a bá kọjú sí i gan-an lọ́sàn-án, inú ilé la ń rí gba ibẹ̀, inú ilé sì ṣókùnkùn ju ìta lọ, nítorí náà gbogbo ihò ló gbọdọ̀ dúdú. Kìkì bí etí ihò bá dagun ni ẹ ó rí ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn lára etí náà.

Ìnípọn búlọ́ọ̀kù ló yẹ kí ẹ fọkàn sí jù. Ká sọ pé ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ìnípọn jẹ́ 10. Oòrùn tó bá wà níwájú ògiri náà, tó sì ga ju nǹkan bí dígírì 63 lọ, kò lè gba ihò náà kọjá. Ìṣirò kan náà ló wà fún ojú wa: bí a bá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ihò á máa pa dé díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi rí búlọ́ọ̀kù nìkan. Nítorí náà, nínú àwòrán perspective, èyí tó ń fi ohun tó jìnnà hàn ní kékeré bí ojú ṣe ń rí i, apá tó jìnnà sí wa nínú ògiri gígùn gbọdọ̀ dà bí ògiri gidi. Àwọn tó ń ya ihò gbayawu títí dé òpin ògiri kò tíì dúró níbẹ̀ wò ó.

Báwo ni òjìji ṣe máa gùn tó?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni àdéhùn àwọn ayàwòrán: a gbà pé ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè ní ọwọ́ òsì wá ní dígírì 45. Bí etí òrùlé bá yọ síta ní mítà 1, òjìji rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ ní mítà 1 lára ògiri, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2 ní 1:50. Set-square yín nìkan ni ẹ nílò. Àdéhùn yìí kò bìkítà bóyá ògiri náà kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Kí ẹni tó ń wò ó lè mọ ohun tó yọ síta àti ohun tó wọnú ló wà fún.

Èkejì ni oòrùn Ìbàdàn gan-an. Ìlú wa wà ní nǹkan bí dígírì 7.4 sí àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì. Ọ̀sán gangan ti oòrùn kì í sì í ṣe aago méjìlá níbí, ó ń sún mọ́ aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán wà ní ìhà gúúsù, ó ga ní nǹkan bí dígírì 59, etí òrùlé mítà 1 á sì ju òjìji bíi mítà 1.7 sí ògiri gúúsù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, oòrùn ti kọjá sí ìhà àríwá, ó ga ní dígírì 74, etí òrùlé kan náà á sì bo mítà 3.5 lára ògiri àríwá, ìyẹn odindi yàrá kan láti òkè délẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, orí ẹni gan-an ni oòrùn ń dúró sí.

Ẹ wá wo ìwọ̀-oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé dígírì 20, etí òrùlé mítà 1 kò lè bo ju sẹ̀ǹtímítà 36 lọ. Kò sí òrùlé tí ẹ lè nà tó. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fún ìhà yẹn ní ẹ̀gbẹ́ ilé tó kúrú, tí wọ́n sì ń fi ògiri gidi tàbí àtẹ̀gùn síbẹ̀. Bí àwòrán yín bá ní fèrèsé ńlá ní ìwọ̀-oòrùn, òjìji tí ẹ bá yà síbẹ̀, irọ́ ni.

Mo ti rí oòrùn. Báwo ni mo ṣe lè ya atẹ́gùn tí ojú kò rí?

Nínú àwòrán gígé, ẹ fi ọfà tín-ín-rín hàn bó ṣe ń gba ihò ògiri wọlé, tó ń kọjá ní gíga ara ẹni tó jókòó, tó sì ń gba ihò òkè ní òdì kejì jáde, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè. Ẹ ya ènìyàn kan sórí àga. Bí ọfà bá ń fẹ́ kọjá lórí ẹni náà láì kàn án, ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀. Ọfà mẹ́ta ti tó. A ti rí àwòrán tí ọfà inú rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí ogun ń jà.

Ilẹ̀ Ìbàdàn kò tẹ́jú. Ṣé ìlànà yìí bá ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mu?

Ó bá a mu, bí ẹ bá fa ìlà ilẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà ilé. Ẹ wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ náà: bí ilẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1.5 láàárín mítà 10, ẹ lè gbé apá ìsàlẹ̀ ilé lé òpó, kí omi òjò máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí afẹ́fẹ́ náà sì rí ọ̀nà. Gbígbé ilé sórí òpó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èrò tí Le Corbusier fi gbajúmọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé bá lọ tẹ̀ lé òkè, tí kò gun òkè, kíkọ́ rẹ̀ á dínwó. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn òkè àti oòrùn kì í fohùn ṣọ̀kan, oòrùn ni kí ẹ gbà láyè nígbà náà.

Ṣé mo lè fi kọ̀ǹpútà yà á?

Bẹ́ẹ̀ ni. SketchUp, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, máa ń ju òjìji gidi bí ẹ bá sọ ìlú, ọjọ́ àti aago fún un, ẹ sì lè fi yẹ àwọn iye tó wà lókè yìí wò. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á ya irinwó búlọ́ọ̀kù ní ìṣẹ́jú àáyá láì bi yín léèrè ohun tí wọ́n wà fún.

Ṣé mo lè fi ọnà Yorùbá sínú búlọ́ọ̀kù oníhò?

A gbà yín níyànjú kí ẹ ṣe é. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí pé ojú àpótí, ojú àpótí ni àwọn aládìrẹ ń pín aṣọ sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni búlọ́ọ̀kù ṣe ń tò lé ara wọn. Lára Ìbàdàndùn, adìrẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, òpó Mápó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ilé ti di aṣọ, kò sí ohun tó ní kí aṣọ má padà di ilé.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lórí aṣọ, àmì kékeré lè dá dúró láàárín àyè. Nínú sìmẹ́ńtì, ohunkóhun tí kò bá fọwọ́ kan etí búlọ́ọ̀kù yóò já bọ́ ni. Ẹ fi ìka tọ gbogbo apá tí kì í ṣe ihò: bí ìka yín bá lè rìn láti ibikíbi dé etí láì fò, wọ́n á lè dà á nínú móòdù. Ẹ má sì jẹ́ kí apá kankan tín-ín-rín ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, nítorí sìmẹ́ńtì máa ń ṣán níbi tó bá tín-ín-rín.

Pílọ́ọ̀tì kan péré ni mo ní, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, iwájú rẹ̀ sì kọjú sí gúúsù. Ṣé kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ńlá nìkan ni ìlànà yìí wà fún?

Ìbéèrè gidi nìyí. Pílọ́ọ̀tì náà jẹ́ nǹkan bí mítà 15 sí mítà 30. Bí iwájú rẹ̀ tó kúrú bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, ayọ̀ dé, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ gígùn ti kọjú sí àríwá àti gúúsù fúnra rẹ̀. Tiyín ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ya ilé gígùn kan tẹ̀ lé pílọ́ọ̀tì náà, gbogbo yàrá yín ni yóò máa gba oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ gé ilé náà sí méjì. Bí ẹ bá fi mítà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mítà 9 ló kù ní ìbú. Ẹ ya ilé kan tó jẹ́ mítà 9 sí 5 síwájú, òmíràn tó jẹ́ mítà 9 sí 5 sẹ́yìn, kí àgbàlá mítà 5 wà láàárín wọn, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan so wọ́n pọ̀. Méjèèjì ti kọjú sí àríwá àti gúúsù nìyẹn, yàrá kan ṣoṣo sì ni ìnípọn wọn. Ẹni tó bá wo pláànù yìí dáadáa yóò rí i pé agbo ilé àwọn bàbá wa ló fara jọ.

Bí onílé bá wá ní òun fẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú amúlétutù mẹ́fà, ẹ ya òjìji oṣù Kejìlá fún un, kí ó rí i fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣì ní gíláàsì ni, òun ló ni owó iná.

Ìjọba amúnisìn ló gba Fry àti Drew síṣẹ́. Ṣé ó yẹ kí a ṣì máa fi wọ́n ṣe àwòṣe?

Òótọ́ ni pé ìjọba amúnisìn ló gbé iṣẹ́ fún wọn, àti pé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá àti òrùlé tó na etí síta ti wà nílẹ̀ wa kí wọ́n tó dé. Lójú tiwa, èyí kò sọ ìṣirò oòrùn wọn di àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú wa ya ẹlòmíràn mọ́ wọn.

Ẹni tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko tí wọ́n bí ní 1935, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì kọ́ ibi iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sí Mọ́kọ́lá níbí. Òun ló ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ìpàtẹ iṣẹ́ ìkọ́lé ti Venice. Yẹpẹ pupa tí ó pò mọ́ sìmẹ́ńtì wà lára ohun tí ó fi ń mọ ògiri, nítorí náà ọwọ́ tí a fi ń ya ilé rẹ̀ yàtọ̀: kọnkéré Fry àti Drew dán, ìlà mímọ́ ló bá a mu, ògiri yẹpẹ ń fẹ́ àmì tótòtó àti ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù tí a fi nu bébà. Ẹ ya ògiri kan náà ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ gbé wọn síra.

Bí mo bá ya ilé tó jọ tiwọn, ṣé olè ni mo jà?

Èrò kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni: kíkọ ojú ilé sí àríwá, nína etí òrùlé, lílo ògiri oníhò. Àwòrán tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ni òfin ń dáàbò bò, kò sì tọ́ kí ẹ tọ ìlà rẹ̀ kí ẹ wá kọ orúkọ yín sí i. Bí ẹ bá ya ilé tó ti wà nílẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́, ẹ kọ orúkọ ilé náà, orúkọ ẹni tó yà á, àti ọjọ́ tí ẹ yà á sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá sì di pé wọ́n fẹ́ fi àwòrán yín kọ́lé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹ̀kọ́: ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìjọba tó fún un láṣẹ.

Àwọn ilé náà ti dàgbà, ògiri wọn ti ní àbàwọ́n. Ṣé kí n ya àbàwọ́n náà?

Bí ẹ bá ń ya èrò ilé náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ya ilé náà bó ṣe wà lónìí, ẹ yà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó yẹ kó wà. Ìlà dúdú kì í kàn wà káàkiri; ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń kán ló ti ń bẹ̀rẹ̀: lábẹ́ etí fèrèsé, ní igun kọnkéré tó yọ síta, lábẹ́ ojú ọ̀nà omi òrùlé. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ 2B fà á láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó nípọn lókè, kí ó sì máa parẹ́ bó ṣe ń lọ. Tààrà lábẹ́ etí òrùlé tó yọ dáadáa, ògiri á mọ́ ní ọ̀wọ́ fífẹ̀ kan kí àbàwọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ọ̀wọ́ mímọ́ náà pẹ̀lú, nítorí òun ló ń fi hàn bí òrùlé ṣe gba ògiri lọ́wọ́ òjò tó.